Kí Gbèsè Má Pẹ́ Ju Òrùlé Lọ: Bí A Ṣe Ń Ka Àbá Bọ́ǹdì Ilé-Ìwé ní Texas

Ní oṣù kọkànlá ọdún 2024, Houston ISD, àgbègbè ilé-ẹ̀kọ́ tó tóbi jù ní Texas, bẹ aráàlú pé kí wọ́n gba òun láyè láti yá bílíọ̀nù 4.4 dọ́là nípa títa bọ́ǹdì, ìyẹn ìwé gbèsè, kí òun fi tún ilé-ìwé ṣe. Àbá méjì ló wà lórí ìwé ìdìbò. Àbá A jẹ́ bílíọ̀nù 3.96, fún kíkọ́ ilé tuntun, àtúnṣe, ẹ̀rọ amúlétutù, ààbò àti mímú òjé kúrò. Àbá B jẹ́ mílíọ̀nù 440, fún kọ̀ǹpútà àti ohun èlò ìgbàlódé. Bíi 58 nínú olùdìbò 100 ló sọ pé rárá sí méjèèjì.

Ilé-ìwé tó nílò àtúnṣe pọ̀ ní Houston, kò sẹ́ni tó jiyàn èyí. Bọ́ǹdì ńlá tó gbẹ̀yìn tí wọ́n dìbò fún níbẹ̀ jẹ́ ti ọdún 2012, bílíọ̀nù 1.89. Ṣùgbọ́n ní oṣù kẹfà ọdún 2023, iléeṣẹ́ ètò ẹ̀kọ́ ìpínlẹ̀ náà ti gba àkóso àgbègbè náà lọ́wọ́ bọ́ọ̀dù tí aráàlú yàn, ó yan àwọn alákòóso tirẹ̀, ó sì fi Mike Miles ṣe ọ̀gá àgbà. Àwọn tó ta ko bọ́ǹdì náà kò fi ọ̀rọ̀ wọn bò: níbi tí kò bá sí ìgbẹ́kẹ̀lé, kò sí bọ́ǹdì. Bí àbá tí ohun rere pọ̀ nínú rẹ̀ ṣe lè ṣubú nìyẹn. Èyí tí kò dára náà máa ń wọlé níbòmíràn, torí pé àwòrán tí wọ́n fi polówó rẹ̀ rẹwà.

Iye owó nìkan kò lè jẹ́ ká mọ̀ bóyá àbá kan dára. Mílíọ̀nù 100 lè pọ̀ jù fún àgbègbè tí ilé rẹ̀ ṣì dúró ṣinṣin, bílíọ̀nù kan sì lè kéré fún èyí tí páìpù ìdọ̀tí rẹ̀ ti jẹrà nínú ilẹ̀. Ohun tí mo gbà pé ó yẹ ká fi wọn bọ́ǹdì ni ọjọ́ orí. Ọdún mélòó la máa fi san gbèsè yìí? Ọdún mélòó ni ohun tí a fẹ́ fi rà yóò lò? Òrùlé tó máa lo ọdún 25, tí a san owó rẹ̀ tán ní ọdún 20, àwọn tó jókòó sábẹ́ rẹ̀ náà ló san án. Kọ̀ǹpútà alágbèéká tó máa lo ọdún mẹ́rin, tí a ń san owó rẹ̀ fún ọdún 25, a ti di ẹrù rẹ̀ lé ọmọ tí a kò tíì bí lórí.

Kí a tó dé orí òrùlé, ẹ jẹ́ ká mọ àpò tí owó ti ń jáde. Àgbègbè ilé-ẹ̀kọ́ ní Texas kì í ṣe ẹ̀ka iléeṣẹ́ ìjọba ìpínlẹ̀ bí SUBEB ṣe jẹ́ nílé. Ìjọba ni fúnra rẹ̀: ó ní bọ́ọ̀dù tirẹ̀, ààlà rẹ̀ kì í sábà bá ti ìlú mu, ó sì láṣẹ láti gba owó orí lórí ilé àti ilẹ̀. Owó orí yìí pín sí méjì. Èyí tí wọ́n ń pè ní M&O ni wọ́n fi ń san owó oṣù, iná, epo bọ́ọ̀sì àti gbogbo ìnáwó ojoojúmọ́. Èyí tí wọ́n ń pè ní I&S kò ní iṣẹ́ mìíràn ju kí ó san ojú owó gbèsè àti èlé rẹ̀. Inú I&S ni wọ́n ti ń san bọ́ǹdì. Nítorí náà, ẹni tó bá ní ká dìbò fún bọ́ǹdì kí owó oṣù olùkọ́ lè pọ̀ sí i ti ṣi ọ̀rọ̀ sọ. Ẹni tó bá sì ní ká kọ̀ ọ́ títí owó olùkọ́ fi máa pọ̀ náà ti ṣi í sọ. Ìdìbò mìíràn, VATRE, ló wà fún fífi kún M&O. Ìpín yìí ló fà á tí bọ́ǹdì fi lè ra ilẹ̀kùn irin àti kámẹ́rà fún ilé-ìwé, ṣùgbọ́n kò lè san owó oṣù ẹ̀ṣọ́ tó máa dúró lẹ́nu ilẹ̀kùn náà. Ó lè kọ́ ilé-ìwé tuntun, kò lè gba olùkọ́ kan ṣoṣo síbẹ̀. Àwọn àgbègbè kan ti kọ́ ilé tán kí wọ́n tó rí i pé owó tí wọ́n máa fi ṣí i kò sí nínú M&O.

Lára M&O àwọn àgbègbè tí dúkìá wọn pọ̀, ìjọba ìpínlẹ̀ máa ń gbà nínú rẹ̀ láti fi ran àwọn tí kò ní lọ́wọ́; Robin Hood ni wọ́n ń pe ètò náà. Kì í fọwọ́ kan I&S. Gbogbo sẹ́ǹtì tí a bá san fún bọ́ǹdì, àgbègbè wa ló ń ná an. Ó dùn mọ́ àwọn tó ní, àmọ́ ẹ wo apá kejì rẹ̀. Wọ́n máa ń ka owó orí yìí ní sẹ́ǹtì lórí dọ́là 100 kọ̀ọ̀kan. Níbi tí àpapọ̀ dúkìá bá jẹ́ bílíọ̀nù 40, sẹ́ǹtì kan ń mú mílíọ̀nù mẹ́rin wọlé lọ́dún. Níbi tó bá jẹ́ bílíọ̀nù méjì, sẹ́ǹtì kan náà kò mú ju 200,000 lọ. Òrùlé kò sì mọ̀ bóyá àdúgbò olówó ni òun wà. Iye kan náà ni wọ́n ń ta pákó àti irin fún gbogbo wọn.

Ọ̀rọ̀ yìí ti pẹ́. Ní oṣù karùn-ún ọdún 1968, àwọn akẹ́kọ̀ọ́ Edgewood High School ní San Antonio jáde kúrò ní kíláàsì nítorí ipò tí ilé-ìwé wọn wà. Àwọn òbí gbé ìpínlẹ̀ Texas lọ sílé-ẹjọ́, ẹjọ́ náà sì dé Supreme Court ní Washington. Ní ọdún 1973, adájọ́ márùn-ún sí mẹ́rin, wọ́n dá a pé òfin ìpìlẹ̀ Amẹ́ríkà kò sọ pé ẹ̀kọ́ jẹ́ ẹ̀tọ́ tí wọ́n lè torí rẹ̀ wó ètò owó orí náà. Ilé-ẹjọ́ gíga Texas fúnra rẹ̀ ló padà sọ ní ọdún 1989 pé ètò náà ta ko òfin ìpìlẹ̀ ìpínlẹ̀. Láti 1997 ni ìpínlẹ̀ ti ń fún àwọn àgbègbè tí dúkìá wọn kéré ní ìrànwọ́ díẹ̀ lórí gbèsè ilé. Ẹrù tó pọ̀ jù ṣì wà lórí onílé.

Ẹ jẹ́ ká gun òkè ilé wàyí.

Òrùlé ilé-ìwé níbí kì í sábà gun sókè bíi ti ilé wa tí òjò ń yára ṣàn kúrò lórí rẹ̀. Pẹrẹsẹ ni. Irin tàbí kọnkéré wà nísàlẹ̀, ohun tó ń dí ooru wà láàárín, awọ tí omi kò lè gbà kọjá wà lókè pátápátá. Bí wọ́n bá tọ́jú rẹ̀, ó lè lo bíi 20 ọdún sí 25. Kì í sábà jẹ́ àárín awọ náà ló ń kọ́kọ́ bàjẹ́. Ojúhò tí omi ń gbà lọ ni, tí ewé bá dí i, tí omi sì dúró lórí òrùlé fún ọjọ́ mélòó kan. Etí ògiri ni, níbi tí awọ ti yípo sókè. Ẹsẹ̀ ẹ̀rọ amúlétutù ni, níbi tí wọ́n ti gé òrùlé láti gbé ẹ̀rọ kalẹ̀. Bí omi bá ti wọ ohun tó ń dí ooru, kì í gbẹ mọ́. Ó máa dúró síbẹ̀, yóò máa jẹ irin ìsàlẹ̀, yóò sì máa wúwo. Nítorí náà ni àwọn tó mọ iṣẹ́ fi máa ń fi kámẹ́rà tó ń rí ooru wo òrùlé lálẹ́: ibi tí omi wà lábẹ́ rẹ̀ máa ń pa ooru ọ̀sán mọ́ pẹ́. Bí ìwádìí bá sọ pé ibi tó tutù kò pọ̀, wọ́n lè gé ibẹ̀ kúrò kí wọ́n fi awọ tuntun bò ó, owó rẹ̀ á sì dín kù gan-an. Bí ó bá tutù káàkiri, tàbí tí awọ bá ti di méjì lórí ara wọn, wọ́n gbọ́dọ̀ ṣí gbogbo rẹ̀. Òfin ilé kíkọ́ kì í gba ìkẹta. Àbá tó kàn kọ “àtúnṣe òrùlé” láìsọ èwo nínú méjèèjì kò tíì sọ nǹkan kan fún wa.

Ẹ̀rọ amúlétutù tó wà lórí òrùlé yẹn máa ń lo ọdún 15 sí 20. Àwọn tó ti pẹ́ ń lo gáàsì R-22, èyí tí Amẹ́ríkà fòpin sí ṣíṣe àti kíkó wọlé rẹ̀ ní ọjọ́ kìíní oṣù kìíní ọdún 2020. Bí ó bá jò, ó kù kí wọ́n máa wá èyí tí wọ́n yọ nínú ẹ̀rọ àtijọ́ rà, bó ṣe ń dín kù ni owó rẹ̀ ń gòkè. Láti ọdún 2025 ni R-410A, gáàsì tó rọ́pò rẹ̀, náà ti ń kúrò nínú ẹ̀rọ tuntun. Ẹ béèrè gáàsì tí ẹ̀rọ tí wọ́n fẹ́ rà máa lò.

Ohun tó tún ṣe pàtàkì ni bí ẹ̀rọ náà ṣe tóbi tó. Ní Houston, ọ̀rinrin inú afẹ́fẹ́ ló ń dá wàhálà sílẹ̀ ju ooru lọ. Ẹ̀rọ tó bá tóbi ju yàrá lọ yóò mú ibẹ̀ tutù kíákíá, yóò sì kú kí ó tó fa ọ̀rinrin jáde. Yàrá á tutù, á sì máa rin, èbu á hù lára ìwé àti àjà. Àwọn kan máa ń pa ẹ̀rọ nígbà ìsinmi gígùn láti dín owó iná kù. Ìgbà tí wọ́n bá padà dé ní oṣù kẹjọ ni wọ́n máa rí ohun tí wọ́n fi owó iná rà. Lẹ́yìn COVID, ọ̀pọ̀ òbí ń béèrè asẹ́ afẹ́fẹ́ MERV 13, irú tó ń mú ohun kéékèèké inú afẹ́fẹ́. Ìbéèrè tó dára ni, ṣùgbọ́n asẹ́ náà nípọn, fáànù ògbólógbòó kò lè ti afẹ́fẹ́ gba inú rẹ̀ kọjá bó ṣe yẹ; afẹ́fẹ́ tó ń dé ọ̀dọ̀ ọmọ á dín kù. Fáànù ni wọ́n gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ wò.

Òrùlé àti ẹ̀rọ tó wà lórí rẹ̀ gbọ́dọ̀ wà nínú iṣẹ́ kan náà. Mo ka èyí sí ọ̀kan nínú àwọn àmì tó ń fi àbá tí wọ́n fara balẹ̀ ṣe hàn. Bí wọ́n bá pààrọ̀ òrùlé ní ọdún yìí, tí wọ́n sì gbé ẹ̀rọ tuntun dé lọ́dún mẹ́ta sí i, ẹsẹ̀ ẹ̀rọ tuntun kì í bá ti tẹ́lẹ̀ dọ́gba. Wọ́n á gé òrùlé tuntun, ìwé ìdánilójú iléeṣẹ́ tó ṣe òrùlé lè má ṣiṣẹ́ mọ́, òjò á sì wọlé gba ibẹ̀. Ẹ wò ó bóyá ọdún kan náà ni méjèèjì wà nínú ètò. Ẹ wò ó pẹ̀lú bóyá wáyà iná ilé náà lè gbé ẹ̀rọ tuntun: pátákó iná ńlá lè gba oṣù púpọ̀ kí ó tó dé láti iléeṣẹ́, nígbà tí àkókò ìsinmi tí wọ́n lè fi ṣiṣẹ́ kò ju oṣù méjì àti díẹ̀ lọ. Àgbègbè tí kò bá tètè fi ìwé ránṣẹ́ láti ra pátákó iná ní ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn yìí, ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn tó ń bọ̀ ló máa rí i lò.

Abẹ́ ilẹ̀ kò ní àwòrán tó rẹwà, ìdí nìyẹn tí kì í fi sí nínú ìpolówó. Ilẹ̀ amọ̀ Houston ń wú bí òjò bá rọ̀, ó ń sunkì bí ọ̀dá bá dá. Páìpù ìdọ̀tí onírin tó wà nínú rẹ̀ láti nǹkan bí ọdún 1960 ti ṣẹ́ níbi púpọ̀, wọ́n sì ní láti fọ́ ilẹ̀ kọnkéré kíláàsì kí wọ́n tó dé ọ̀dọ̀ rẹ̀. Nínú ilé tó dàgbà bẹ́ẹ̀, asbestos, ohun èlò ilé kíkọ́ tí eruku rẹ̀ léwu fún ẹ̀dọ̀fóró, lè wà lára ohun tí wọ́n fi di páìpù, nínú táìlì kéékèèké onígun mẹ́rin, inṣi mẹ́sàn-án sí mẹ́sàn-án, àti nínú gúlúù dúdú tó wà lábẹ́ wọn. Bí kò bá fọ́, kì í ṣe ewu ńlá. Ọjọ́ tí wọ́n bá gbé òòlù sí i ni òfin máa ní kí iṣẹ́ dúró títí àwọn tó ní ìwé àṣẹ fi máa kó o kúrò. Láti ọdún 1986 ni òfin AHERA ti ní kí ilé-ìwé kọ̀ọ̀kan ní ìwé tó sọ ibi tí asbestos wà, kí wọ́n sì tún un yẹ̀ wò lọ́dún mẹ́ta-mẹ́ta. Aráàlú lẹ́tọ̀ọ́ láti ka ìwé náà. Ẹ lọ kà á kí ẹ tó gba iye tí wọ́n dá fún àtúnṣe ilé àtijọ́ gbọ́.

Ní ọdún 2020, GAO, iléeṣẹ́ tó ń ṣe àyẹ̀wò fún Kọ́ńgrẹ́sì, ròyìn pé bíi àgbègbè 41 nínú 100 ní gbogbo Amẹ́ríkà ló nílò láti tún ẹ̀rọ ìmúlétutù àti ìmúlégbóná ṣe tàbí kí wọ́n pààrọ̀ rẹ̀, ní ó kéré tán, ìdajì àwọn ilé-ìwé wọn. Bíi ilé-ìwé 36,000 nìyẹn. Wàhálà náà kì í ṣe ti Texas nìkan.

Báwo ni wọ́n ṣe ń yan ilé tó kàn? Àgbègbè tó bá mọ iṣẹ́ rẹ̀ yóò rán àwọn ẹnjiníà lọ sí ilé kọ̀ọ̀kan. Wọ́n á ṣírò iye tí àtúnṣe máa ná, wọ́n á fi iye tí ilé tuntun bẹ́ẹ̀ máa ná pín in. FCI ni wọ́n ń pe ohun tó bá jáde. Bí àtúnṣe bá jẹ́ mílíọ̀nù méjì, tí ilé tuntun jẹ́ mílíọ̀nù 40, FCI jẹ́ márùn-ún nínú 100: ilé tó dára ni. Bí àtúnṣe bá jẹ́ mílíọ̀nù 26, ó ti di 65 nínú 100, ọ̀pọ̀ á sì ní kí wọ́n wó o. Mi ò fara mọ́ kí wọ́n fi nọ́ńbà yìí nìkan ṣèdájọ́. Kò sọ bóyá àwọn ọmọ tó wà níbẹ̀ ń dín kù, kò sì sọ ohun tí àdúgbò máa pàdánù bí ilé náà bá lọ. Ṣùgbọ́n àbá tí kò bá fi FCI ilé kọ̀ọ̀kan hàn, tó kàn to orúkọ ilé-ìwé sílẹ̀, kò jẹ́ ká mọ̀ bóyá àìní ni wọ́n fi yàn án tàbí ariwo.

Ọ̀rọ̀ èlé ló kàn. Bí àgbègbè kan bá yá mílíọ̀nù 100 ní èlé mẹ́rin nínú 100, tó ń san iye kan náà lọ́dọọdún fún ọdún 25, yóò máa san bíi mílíọ̀nù 6.4 lọ́dún, àpapọ̀ rẹ̀ á jẹ́ mílíọ̀nù 160. Bí ó bá fà á dé ọdún 30, owó ọdọọdún á wálẹ̀ sí bíi mílíọ̀nù 5.8, ojú àwọn olóṣèlú á sì tutù, ṣùgbọ́n àpapọ̀ á fò sí mílíọ̀nù 173 ó lé. Mílíọ̀nù 13 ó lé ni a fi ra ìrọ̀rùn yẹn. Èyí kéré lẹ́gbẹ̀ẹ́ ohun tó ṣẹlẹ̀ ní Poway, nítòsí San Diego ní California. Ní ọdún 2011, àgbègbè ilé-ẹ̀kọ́ náà yá mílíọ̀nù 105 lọ́nà tí wọn kò fi ní san ohunkóhun fún nǹkan bí 20 ọdún, tí èlé sì ń gun orí èlé. Ohun tí wọ́n máa san títí di 2051 lé ní mílíọ̀nù 980. Ilé tí wọ́n fi owó náà kọ́ á ti di arúgbó kí gbèsè náà tó parí. California ṣe òfin láti dín irú rẹ̀ kù ní ọdún 2013, Texas náà ṣe tirẹ̀ ní 2015. Bí ẹ bá rí irú bọ́ǹdì yìí, tí wọ́n ń pè ní capital appreciation, ẹ béèrè ìbéèrè púpọ̀.

Texas ní ohun kan tó ń ran àwọn àgbègbè rẹ̀ lọ́wọ́ nípa èlé. Ìpínlẹ̀ náà dá Permanent School Fund sílẹ̀ ní ọdún 1854 pẹ̀lú mílíọ̀nù méjì dọ́là. Láti ọdún 1983 ni owó náà ti ń ṣe onígbọ̀wọ́ fún bọ́ǹdì ilé-ìwé. Àgbègbè kékeré ní abúlé lè tipa bẹ́ẹ̀ yá owó pẹ̀lú orúkọ rere AAA, ipele tó ga jù fún ẹni tó ń yá owó. Ààlà sì wà: kí wọ́n tó ta bọ́ǹdì tuntun, wọ́n gbọ́dọ̀ fi hàn pé owó orí I&S kò ní ju 50 sẹ́ǹtì lórí dọ́là 100 lọ.

Kí ni èyí ń ṣe sí ìwé owó orí tiwa? Ẹ mú ilé tó jẹ́ 320,000 dọ́là, tí onílé ń gbé inú rẹ̀. Láti ọdún 2025, òfin yọ 140,000 kúrò kí wọ́n tó ṣírò owó orí ilé-ìwé, ó ku 180,000. Sẹ́ǹtì kan jẹ́ dọ́là 18 lọ́dún. Bí bọ́ǹdì bá fi sẹ́ǹtì mẹ́ta kún I&S, dọ́là 54 lọ́dún ni. Ilé kan náà tí wọ́n fi háyà kò ní ìyọkúrò yìí, nítorí náà dọ́là 96 ni ti onílé, ẹni tó háyà á sì rí i nínú owó ilé lọ́jọ́ iwájú. Àwọn bàbá àti ìyá wa tó ti pé ọdún 65 tún ní ìyọkúrò mìíràn, owó orí ilé-ìwé wọn kò sì ní gòkè ju iye tó wà lọ́dún tí wọ́n kọ́kọ́ yẹ fún un, àyàfi bí wọ́n bá fi yàrá kún ilé. Wọ́n gbọ́dọ̀ fi ìwé béèrè rẹ̀ lọ́fíìsì tó ń díye lé ilé ní káúńtì wọn. Ọ̀pọ̀ àgbàlagbà tó ń bẹ̀rù bọ́ǹdì ni bọ́ǹdì kò ní fi dọ́là kan kún owó wọn.

Lórí ìwé ìdìbò fúnra rẹ̀, ẹ máa rí gbólóhùn kan ní lẹ́tà ńlá tó sọ pé àfikún owó orí ilé ni èyí. Òfin ọdún 2019 ló fi dandan lé e, kódà bí àgbègbè náà bá ń sọ pé sẹ́ǹtì I&S kò ní gòkè. Àwọn méjèèjì lè jẹ́ òótọ́. Gbèsè àtijọ́ ń tán lọ, iye ilé ń gòkè, nítorí náà sẹ́ǹtì kan náà lè gbé gbèsè tuntun. Ṣùgbọ́n bí kò bá sí gbèsè tuntun, sẹ́ǹtì náà ìbá wálẹ̀. Mo fẹ́ kí àgbègbè máa sọ èyí ní gbangba dípò kí wọ́n máa fi “kò sí àfikún” ṣe orin. Òfin kan ní ọdún yẹn kan náà ló ní kí pápá ìṣeré ńlá, adágún ìlúwẹ̀ẹ́, gbọ̀ngàn eré àti kọ̀ǹpútà ní àbá tiwọn, kí wọ́n má fi wọ́n pamọ́ sábẹ́ òrùlé. Èèyàn lè gba Àbá A, kí ó kọ Àbá B. Níbi tí kọ̀ǹpútà bá ti dá dúró, ẹ béèrè ọdún tí wọ́n máa fi san án. Bí wọ́n bá ta apá yẹn bíi bọ́ǹdì ọdún mẹ́ta sí márùn-ún, kò burú. Bí wọ́n bá dà á pọ̀ mọ́ ti ọdún 25, èmi ò ní dìbò fún un.

Ibi tí owó ti ń já sílẹ̀ lẹ́yìn ìdìbò kò ṣòro láti mọ̀. Wọ́n dá iye ilé ní owó òní, wọ́n kọ́ ọ ní ọ̀la. Ilé mílíọ̀nù 50 tí wọ́n máa bẹ̀rẹ̀ lẹ́yìn ọdún mẹ́ta, bí owó ohun èlò bá ń fi márùn-ún nínú 100 gòkè lọ́dọọdún, ti di mílíọ̀nù 57.9 kí wọ́n tó wa ìpìlẹ̀. Àwọn mìíràn ń dá owó kọngílá nìkan, wọ́n ń gbàgbé ayàwòrán-ilé, àyẹ̀wò ilẹ̀, ìwé àṣẹ, àga àti tábìlì, èyí tó lè jẹ́ 20 sí 25 nínú 100 gbogbo ìnáwó. Owó àìròtẹ́lẹ̀ tún wà: márùn-ún nínú 100 lè tó fún ilé tuntun, ṣùgbọ́n ilé àtijọ́ tí wọ́n fẹ́ ṣí ògiri rẹ̀ nílò tó mẹ́wàá. Bí kò bá tó, ohun tí wọ́n máa kọ́kọ́ gé kúrò ni àwọn ilé-ìwé tó wà lẹ́yìn nínú ètò, àwọn tí òbí wọn kì í sábà wá sípàdé.

California fi dandan lé ìgbìmọ̀ aráàlú tó ń ṣọ́ owó, fún bọ́ǹdì tó bá wọlé pẹ̀lú ìbò 55 nínú 100 lábẹ́ òfin ọdún 2000. Texas, tí ìbò tó bá ju ìdajì lọ ti tó, kò fi dandan lé e. Ọwọ́ bọ́ọ̀dù ló wà. Bí wọ́n bá dá a sílẹ̀, ẹ wo àwọn tó wà nínú rẹ̀ àti ohun tí wọ́n ń rí. Ìròyìn tó wúlò máa fi òpó mẹ́rin hàn fún iṣẹ́ kọ̀ọ̀kan: iye tí wọ́n sọ fún olùdìbò, iye tí wọ́n bá kọngílá ṣàdéhùn, iye tí wọ́n ti ná, àti iye tí wọ́n rò pé á parí rẹ̀. Ìròyìn tó jẹ́ àwòrán àwọn tó ń gé rìbọ́ọ̀nù kò tó.

Ọmọ orílẹ̀-èdè Amẹ́ríkà nìkan ló lè dìbò. Ẹni tó ní green card ń san owó orí yìí bíi gbogbo onílé, ṣùgbọ́n kò gbọdọ̀ forúkọ sílẹ̀ láti dìbò, bó ti wù kí ẹnikẹ́ni rọ̀ ọ́. Ó lè ba ọ̀rọ̀ ìwé ìgbélùú rẹ̀ jẹ́ pátápátá. Ẹni tó yẹ fún un gbọ́dọ̀ ti forúkọ sílẹ̀ ní ọjọ́ 30 ṣáájú ìdìbò. Àmọ́ ìpàdé bọ́ọ̀dù kò béèrè ìwé orílẹ̀-èdè lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni. Òfin Texas ní kí wọ́n jẹ́ kí aráàlú sọ̀rọ̀ lórí ohun tó bá wà nínú àgéńdà kí bọ́ọ̀dù tó pinnu lórí rẹ̀. Ọjọ́ 78 ṣáájú ìdìbò, ó pẹ́ tán, ni bọ́ọ̀dù gbọ́dọ̀ ti pàṣẹ rẹ̀: àárín oṣù kejì fún ti oṣù karùn-ún, àárín oṣù kẹjọ fún ti oṣù kọkànlá. Lẹ́yìn àṣẹ náà, bẹ́ẹ̀ ni tàbí rárá ló kù fún olùdìbò. Kò sẹ́ni tó tún lè fi òrùlé kan kún un tàbí kí ó yọ kọ̀ǹpútà kan kúrò. Ìpàdé tó ṣáájú ọjọ́ yẹn ni kí ẹ lọ.